Fèrè Aláìlórin Tí Mo Gbé Lọ sí Jámánì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń yà sọ́dọ̀ mi láti béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo sọ fún àwọn kan pé ibẹ̀ tutù. Ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò tó fún ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí mi ní Ọ̀yọ́. Ẹnu mi kò yá, ẹ ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkọ rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n mi kí n tó mọ a-b-d. N ó kọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ẹni tó bá ń retí ìtàn ilé gíga àti ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ìjì, kó má bínú sí mi. Ẹ̀rù ni mo gbé lọ, ẹ̀rù náà ni mo sì bá níbẹ̀.

Ohun tó gbé mi lọ

Ní Ọ̀yọ́, oníṣẹ́ awọ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Tìmùtìmù ni mò ń rán, àti báàgì, àti àkọ̀ ọ̀bẹ. Ìdílé ìyàwó mi ló ni iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fèrè ni mo kọ́kọ́ fi jẹun. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Inú ẹgbẹ́ afunfèrè ìjọ wa níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbé sasofóònù sẹ́nu, fèrè idẹ tó tẹ̀ nídìí bí ìkòkò tábà. Mo ti dàgbà nígbà náà. Àwọn ọmọ kéékèèké tí mo bá jókòó ní kíláàsì ló fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn mí, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà mo bá ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan rìn láti Ìbàdàn lọ káàkiri. Olórí ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n mo ní àléébù kan: mo máa ń kúrò lórí orin. Mo máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ohùn kan á yọ lẹ́bàá ọ̀nà, n ó sì tẹ̀lé e wọgbó. Olórí wa á yíjú sí mi láti ibi gìtá rẹ̀, á ní, "Àjàní, padà wá sílé o! Àwọn èèyàn ń jó níbí!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, n ó sì padà.

Nígbà tí ìyàwó mi, ìyá Fọlákẹ́ ọmọ mi, kú, mi ò padà mọ́.

Wọ́n ní kí n fọn orin ìyìn kan níbi ìsìn ìrántí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fọn ẹsẹ kìíní. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sí ẹsẹ kejì, fèrè náà yà, mo sì tẹ̀lé e. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo lajú, ìlàjì ìjọ ti wà níta, ìyá ìyàwó mi sì wà nílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ pé kí wọ́n gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fọn ọ́n. Kò sí orin nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè bá mi gbè. Nígbà mìíràn ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò lépo, nígbà mìíràn bí ẹni tó ń tá ràrà nínú òkùnkùn tó ń wá ọwọ́ tí yóò dìmú. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì máa ń bà mí bí mo bá parí. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá fọn ọ́n, oorun kò ní í kùn mí.

Nínú ìdílé tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àbúrò bàbá wa kan wà tí a ń pè ní Bàbá kékeré. Orí rẹ̀ dàrú. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì ń dá a lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ, ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń lọ, wọn kò sì rí i láàyè mọ́. Láti ìgbà náà ni ilé wa ti ń fi ojú kan wo gbogbo ọmọ tó bá ń dá sọ̀rọ̀.

Obìnrin ará Jámánì kan tó ń kọ́ni ní Ọ̀yọ́ ló wá ra tìmùtìmù lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń fọn fèrè. Ó jókòó sórí bíríkì títí mo fi dákẹ́. Ó ní àwọn kan wà nílùú òun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé nílé wèrè ni?"

Ó ní rárá, pé ènìyàn ń sanwó wọlé láti gbọ́ wọn. Ó gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Dákónì ni ẹ̀gbọ́n mi ní ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá mi. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó lọ, nítorí n kò lè fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ láìsọ fún un.

"Wọ́n ní o ń lọ sílùú òyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Láti lọ fọn ìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mi orí. "Òyìnbó tó kó orin ìjọ wá bá wa, òun náà ló tún fẹ́ gbọ́ èyí tó ba orin jẹ́. Ayé ti yí po."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sámù, dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ jẹ́ kó jẹun ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ìwàásù kì í tutù, iyán ń tutù."

A jẹun. Nígbà tí a fọwọ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Àjàní, mi ò bínú sí ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. O ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá kékeré. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni o ń lọ bá. Bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ ni, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ sí i mọ́ láyé. Bí wọn kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, wàá gbé fèrè náà wá fún mi, wàá sì jẹ́ kí á wá ìtọ́jú fún ọ."

Mo gbà. Kí ẹ má rò pé ó fipá mú mi. Èmi gan-an fẹ́ mọ̀.

Dídé mi

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ bàlúù dà yín láàmú. Ẹ̀rù rẹ̀ kò tó ẹ̀rù tí mo gbé wọ inú rẹ̀.

Ìlú tí mo lọ wà ní Jámánì apá ìwọ̀-oòrùn, ìlú èédú àti ilé iṣẹ́. Ọ̀sán ni mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú bí ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n bo ara dé imú, ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀. Ní ibùdókọ̀ tiwa, bí ariwo bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ẹnìkan ti kú. Mo di àpò fèrè mi mọ́ àyà.

Ẹnìkan pariwo lẹ́yìn mi: "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, bàbá! Ẹ káàbọ̀ sílé yìnyín!"

Kí n tó yíjú, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi yìnyín. Òyìnbó kan sáré wá, ó rò pé ọkùnrin náà dá kú, ó gbá a lápá mú, ó fẹ́ gbé e dìde.

"Dìde, dìde," mo ní, "wọn á pe ọlọ́pàá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí mo lè dọ̀bálẹ̀ fún. Ìbàdí mi ti ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀."

Lásún lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ páìpù ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó pè mí ló ní kó wá pàdé mi, kí n lè rí ẹni bá sọ èdè mi.

"Ọmọ ibo ni yín gan-an, bàbá?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Háà! Ọmọ Ajílété! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kò sí ibi tó dà bí ilé. Ẹ ó rí i lónìí pé òótọ́ lẹ sọ." Ó gba àpótí mi. "Fèrè ìjọ ni ẹ fẹ́ fọn fún wọn? Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí o."

"Kì í ṣe ti ìjọ."

"Háíláìfù?"

"Kì í ṣe háíláìfù."

"Ó dáa, kí wá ni?"

Mo tún àpò fèrè mi gbé kọ́ èjìká. Ó ní òun á wá gbọ́ ọ fúnra òun, pé òun á sì kọ̀wé sílé. Ó ní àǹtí òun ń tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òyìnbó lè fi mí rẹ́rìn-ín kó sì gbàgbé mi. Ọmọ Ìkòyí-Ilé yìí ni yóò gbé ìròyìn mi délé ṣáájú mi.

Ilé bàbá onílù

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kurt ni wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó jù mí lọ dáadáa, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ìlù òyìnbó ló ń lù, èyí tí wọ́n tò yíká àga pẹ̀lú àwọn àwo idẹ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Helga, ni ẹnìkejì rẹ̀. Gòjé ńlá kan ló ń ta, èyí tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ní láti dúró tì í bí ẹni tó ń bá ọkọ sọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ. Tèmi kò já gaara, tiwọn náà kò já gaara, a wá ń gbọ́ ara wa.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ń pe orúkọ bàbá náà. "Kurt, gbé iyọ̀ wá." Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, lásán, láìfi nǹkan kan sí i. Mo wo ojú bàbá bóyá yóò bínú. Ó gbé iyọ̀ fún un, ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Èmi ń pè é ní Bàbá. Ó ní òun kò bímọ. Mo ní kò burú, ọjọ́ orí ló ń jẹ́ bàbá. Ó rò ó títí, ó wá ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ wọ́n gbé búrẹ́dì wá, ẹran pupa tí wọ́n lọ̀ kúnná sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ sè é. Bàbá bu ti ẹ̀ jẹ.

"Bàbá, kò tíì jinná."

"A kì í sè é," ó ní.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù ni. Mo rántí pé àlejò kì í kọ oúnjẹ, mo sì rántí ikùn mi. Mo jẹ àlùbọ́sà. Nígbà tí Lásún gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ ṣe é re. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo jẹ ẹ́ tán pátá kí n má bàa tẹ́. Gbogbo òru ni mo fi ń dágbére fún àwọn ará ilé mi."

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Fèrè mi ni mò ń rò. Lábẹ́ àwọn ibi tí ènìyàn máa ń tẹ̀ lára fèrè, awọ pẹlẹbẹ ló wà tó ń dí ihò. Èmi fúnra mi ni mo gé awọ wọ̀nyẹn láti ara awọ ewúrẹ́ ní Ọ̀yọ́. Òtútù ti mú kí wọ́n le gan. Nígbà tí mo gbìyànjú fèrè náà nínú yàrá, ó han bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Mo fi epo pa awọ náà, mo fi wọ́n sínú aṣọ lẹ́bàá ara mi kí wọ́n lè rọ̀. Wọ́n rọ̀ díẹ̀. N kò tún gbìyànjú rẹ̀ mọ́, kí n má bàa gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ bi bàbá léèrè ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé kó gbọ́ mi ná.

Abẹ́ ilẹ̀

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe orin náà, abẹ́ ilẹ̀ ni. N kò mọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, tí àtẹ̀gùn ń sọ̀kalẹ̀ dípò kó gòkè. Ilé ọtí ni ó wà lókè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbá ọtí sí. Ògiri rẹ̀ ń làágùn. Nílé wa, ibi tí ènìyàn ti ń wọ abẹ́ ilẹ̀, ẹ mọ ibẹ̀. Mo gbàdúrà lórí àtẹ̀gùn, mo sì sọ̀kalẹ̀.

Àwọn ènìyàn ti jókòó sórí àga onígi. Lásún wà ní iwájú pẹ̀lú kóòtù tó tóbi jù fún un. Ó ju ọwọ́ sí mi.

Kí a tó gun orí pèpéle, mo bi wọ́n pé, "Orin wo la máa fi bẹ̀rẹ̀?"

Helga ní, "Kò sí."

"Ta ni yóò ṣáájú?"

Bàbá ní, "Ẹni tó bá ṣáájú ni."

Mo rò pé ó yé mi. Nílé wa, bí àgbà bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwà tútù ló fi sọ ọ́. Ó ń wò ó bóyá àwọn tó kéré mọ ohun tó tọ́. Ta ló ń ki ọwọ́ bọ àwo kí àgbà tó bu òkèlè? Mo pinnu pé n ó dúró kí bàbá kan ìlù kí n tó ṣí ẹnu.

Iná tàn sí wa lójú. Àwọn ènìyàn dákẹ́. Mo wo bàbá. Bàbá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo tẹrí ba fún un. Òun náà tẹrí ba fún mi. Mo wo Helga. Ọ̀pá tí ó fi ń fa okùn gòjé wà lókè ní ọwọ́ rẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

A wà bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan wúkọ́. Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú páìpù lókè orí wa. Mo gbọ́ àga tó ń dún lábẹ́ ẹni tó sanra. Bàbá ṣì ń wò mí. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ti ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọ́n ti mọ̀. Mo rò pé àwọn méjì yìí ti gbọ́ ohun tó ń ṣe mí láti inú yàrá tí mo sùn sí, wọ́n ti sọ fún àwọn èèyàn, wọ́n sì fi mí sínú iná yìí kí gbogbo wọn lè wò mí dáadáa. Bóyá dókítà wà láàárín wọn. Nínú òtútù yẹn, òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn mi. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ kò lè fọn fèrè, mo sì mọ̀ pé bí bàbá bá kan ìlù nísinsìnyí, òfìfo ni n ó fọn.

Lásún ni kò lè fara dà á mọ́. Ó fò dìde.

"Bàbá! Kí lẹ ń dúró dè?"

Ohùn rẹ̀ kọlu ògiri. N kò mọ ìgbà tí mo dá a lóhùn.

"Àgbà wà níbí! Àwọn ni mò ń dúró dè!"

"Àgbà wo? Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè! Àlejò ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣáájú níbí!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Èmi ni mò ń gbé ìlú yìí o, ẹ̀yin kọ́! Ẹ fọn nǹkan, ẹ jọ̀wọ́, ojú ń tì mí!"

Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè wa nínú ilé náà. Wọ́n rò pé bí orin wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó pa ojú dé, tó ń mi orí. Kí Lásún tó jókòó, Helga ti fa okùn gòjé, ohùn rírẹlẹ̀ kan, bàbá sì kan àwo idẹ. Ẹ̀rín tí mi ò mọ ibi tó ti wá bọ́ lẹ́nu mi, ó fi itọ́ síbẹ̀. Mo gbé fèrè sẹ́nu.

N kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Awọ gan lóòótọ́, fèrè han, mo sì tẹ̀lé igbe náà nítorí kò sí ohun mìíràn láti tẹ̀lé. Mo dé ibi tí mo ti ń dé láti ọjọ́ ìsìn ìyá Fọlákẹ́, ibi tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nílé, èmi nìkan ni mo máa ń wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo gbọ́ ẹlòmíràn. Gòjé wà nísàlẹ̀ mi, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ìlù bàbá ń dún bí ẹni tó ń da àwo nù nínú yàrá kejì, ṣùgbọ́n bí mo bá sinmi láti mí, òun náà á sinmi. Orí mi wú. Ẹ má rò pé inú mi dùn. Ẹ̀rù bà mí ju ti ilé lọ. Nílé, bí mo bá já bọ́, èmi nìkan ni.

Lẹ́yìn náà a dúró. Ẹnì kankan kò fi ojú ṣe àmì sí ẹnìkejì. Kò sí ẹsẹ tó parí, kò sí ègbè tó kù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lójú kan náà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Lásún kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ bá a, kóòtù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ìwọ ni kí o sọ fún mi."

"Ó ṣe mí bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ lóko, tí gbogbo èèyàn ti sá lọ sílé, tí wọ́n sì gbàgbé mi síbẹ̀." Ó gbọn orí. "Owó mi ni mo san wọlé o! Mo fi owó ara mi ra ẹ̀rù!"

"Ṣé wàá kọ̀wé sílé?"

Ó rò ó. "Kí ni mo fẹ́ kọ?" Ó sì sìn mí délé.

Ìdáhùn bàbá

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lórí tábìlì, mo bi í. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá kékeré fún un, mo sọ ti ìyàwó mi, mo sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè. N kò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Iṣẹ́ ni àbí àìsàn?"

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀," ó ní.

Ó fẹ̀yìn ti àga rẹ̀.

"Ìyàwó mi ní àìsàn ni, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Dókítà ní nǹkan kan kò ṣe mí. Mo ti dàgbà sínú rẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀. N kò lè parọ́ fún ọ."

Ẹ wo ọ̀nà tí mo rìn. Ẹ wo òtútù. Mo wá gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀.

Bàbá tún ní, "Lánàá, ta ló sọ fún ọ pé kí o dúró?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi."

"Èmi gbọ́ pé o fẹ́ dúró, mo dúró. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo gbọ́ yín."

"Ó dáa," ó ní, ó sì fa ẹran tútù rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹun lọ.

A ṣe é ní àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo kọ́ láti ṣáájú nígbà tí ó bá yẹ kí àlejò ṣáájú. Mo kọ́ láti jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù kò dín. Ó kàn di ohun tí mo mọ ibi tó máa ń jókòó sí.

Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí mo padà, mo fún Fọlákẹ́ ọmọ mi ní ohun tí mo rà fún un, mo sì sùn ní Ọ̀yọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo gbé fèrè mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, èyí ni ọ̀nà tó gùn jù.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé ni, kò tíì bọ́ aṣọ.

"Wọ́n ní iṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ní àwọn kò mọ̀."

Ó wò mí. "O lè parọ́ fún mi. Ibẹ̀ jìnnà, n kò lè lọ wò ó."

"Mi ò lè parọ́ fún yín, Ẹ̀gbọ́n."

Ó na ọwọ́. Mo gbé fèrè náà fún un. Ó gbé e lé itan, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún.

"N kò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ ìsìn yẹn, èmi ni mò ń kó àwọn ènìyàn jáde. Fọn ọ́n kí n gbọ́, kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ìyá Sámù yọjú. "Nínú ilé yìí? Lọ́jọ́ Àìkú?"

"Lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò."

"Mi ò lọ ibì kan. Bí orí ẹ̀yin méjèèjì bá dàrú, ta ni yóò ké sí èèyàn?" Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Mo fọn ọ́n. N kò fọn èyí tó rọrùn. Bí n ó bá sọ ọ́ nù, kí n sọ òótọ́ rẹ̀ nù. Ẹ̀gbọ́n mi pa ojú dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Mo lọ jìnnà. Mo dé ibẹ̀, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ mi, kò sí gòjé, kò sí ìlù.

"Àjàní."

Kò pariwo. Bí ènìyàn ṣe ń pe ẹni tó wà nínú yàrá kan náà ló ṣe pè mí. Mo dúró.

"O gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín."

"Nínú gbogbo ariwo yẹn?"

"Mo gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n."

Ó la ojú. "Èmi ni mo rí Bàbá kékeré kẹ́yìn. Mo tẹ̀lé wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ń pè wọ́n títí a fi kọjá oko gbogbo èèyàn, ohùn mi ha. Mo wà lẹ́yìn wọn pẹ́kípẹ́kí, Àjàní, mo lè fọwọ́ kan aṣọ wọn. Wọn ò gbọ́."

"Ẹ ò sọ fún wa rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbé ẹsẹ̀ lọ síwájú, mo sì rò pé ó fẹ́ jáde fi mí sílẹ̀. Ó ti fèrèsé kan, ó ti ìkejì. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn láti inú. Lẹ́yìn náà ó padà wá jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú mi. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀.

"Ó yá, máa fọn ọ́n lọ," ó ní. "N ó máa pè ọ́."